Wákàtí Mẹ́jọ Odessa

“Bá mi fọwọ́ sí i, Lavonne. Màá lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Odessa ló ń sọ̀rọ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó jókòó sí etí ibùsùn mi, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bó ṣe ń bẹ̀ mí. Ẹsẹ̀ Odessa kì í sinmi. Òun ló máa ń ṣáájú wa nínú ijó àfẹsẹ̀lù, ijó tí àwọn ẹgbẹ́ arábìnrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa fi ń bára wọn díje lọ́dọọdún. Àtẹ́wọ́ àti bàtà nìkan ni ìlù ijó náà.

“Kí ló dé tí o kò lọ lánàá?” ni mo bi í.

“Mò ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun lẹ́sẹ̀ ijó ni. Àbí o ò rí wọn lọ́jọ́ Ẹtì? Bí ewúrẹ́ tó bọ́ sínú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń ṣe.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fọwọ́ sí i. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Èmi ni akọ̀wé iṣẹ́ ìlú fún ẹ̀ka Ẹgbẹ́ Táù tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Alabama. Òfin ẹgbẹ́ wa kò pọ̀. Máàkì rẹ kò gbọdọ̀ já wálẹ̀, o sì gbọ́dọ̀ fi ogún wákàtí ṣiṣẹ́ fún ará ìlú kí ọjọ́ ìdíje ijó tó dé nínú oṣù kẹrin. Ẹni tí wákàtí rẹ̀ kò bá pé, àárín èrò ìwòran ni yóò jókòó sí. Ọwọ́ mi ni ìwé tí a ń kọ wákàtí náà sí wà.

Wákàtí mẹ́jọ ló kù fún Odessa, ọ̀dọ̀ Màmá Tolliver ló sì yẹ kó ti ṣe é. Màmá Tolliver ló ń bu oúnjẹ fún wa ní ilé oúnjẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti tọ́ àwọn àbúrò rẹ̀. Ní ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó ní òun fẹ́ gba ìwé mẹ́wàá òun. Ó mọ̀wé kà dáadáa, ìṣirò nìkan ló ń dà á láàmú. Odessa sì rèé, ìṣirò ló wá kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ilé ìkàwé ni wọ́n ní kí wọ́n ti máa pàdé, láago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, fún wákàtí méjì. Èmi kì í sí níbẹ̀, torí àwọn ọmọdé ni mò ń bá kàwé ní òdìkejì ìlú láàárọ̀ Sátidé.

“Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀” di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fọwọ́ sí i.

Ẹ má tíì bú mi. Nígbà tí a fẹ́ wọ ẹgbẹ́, àwa mọ́kànlá la tò tẹ̀lé ara wa, Odessa ló sì wà níwájú mi gan-an. Nígbà tí ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì fẹ́ lé mi kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ló jókòó tì mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà títí mo fi yè é. Tí mo bá pè é ní arábìnrin mi, tọkàntọkàn ni mo fi ń pè é. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wò ó lójú kí n ní kò ní jó?

Ṣùgbọ́n ara mi kò balẹ̀. Tẹ́lẹ̀, Màmá Tolliver ni mo máa ń tò sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, á bu gírítì, ìyẹn ẹ̀kọ àgbàdo gbígbóná, kún abọ́ mi, á ní, “Jẹun, ọmọ mi, atẹ́gùn ló máa gbé ẹ lọ.” Mo kúrò lórí ìlà tirẹ̀, mo ń tò sí ti ẹlòmíràn. Òun náà kò pè mí mọ́.

Màmá Tolliver lọ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá náà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ti ìdíje. Nígbà tí èsì dé, ó yege nínú gbogbo rẹ̀ àfi ìṣirò.

Ní ẹ̀ka wa, a máa ń pe àwọn tí a bá ṣiṣẹ́ fún wá sí ìpàdé tó kẹ́yìn kí ìdíje tó dé. A ó jẹ kéèkì, wọn á sì sọ bí ó ṣe rí fún wọn. Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé náà bọ́ sí. Màmá Tolliver wá, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àti fìlà tó bá a mu. Ẹ̀gbọ́n Verlene, ààrẹ wa, ṣí ìwé wákàtí.

“Màmá, mo rí i níbí pé wákàtí mẹ́jọ gbáko la fi kọ́ yín ní ìṣirò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wa ibi tí a ti ṣe àṣìṣe, kí a lè tún un ṣe.”

Màmá Tolliver wo Odessa. Odessa ń wo bàtà rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró jẹ́ẹ́.

“Ẹ má bá ọmọ yẹn wí,” ni Màmá Tolliver sọ. “Ó kọ́ mi dáadáa. Orí tèmi ló le.”

Ojú tì mí débi pé etí mi ń gbóná. Obìnrin tí a já jù sílẹ̀ ló ń gbà wá sílẹ̀ yìí, ó sì ń fi orí ara rẹ̀ ṣe é. Mo dìde.

“Ẹ̀gbọ́n Verlene, irọ́ ni wákàtí yẹn. Odessa kò lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì mọ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí i.”

Ẹ̀gbọ́n Verlene pa ìwé náà dé. “Àlọ́ lò ń kọ síbẹ̀ nígbà náà. Torí a rí i níbẹ̀ pé Màmá ní olùkọ́ la ò ṣe wá ẹlòmíràn fún wọn. Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀?”

N kò mọ̀ ọ́n. N kò tilẹ̀ rò ó rí.

Màmá Tolliver yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Ní gbogbo Sátidé yẹn, mo jókòó síbẹ̀ títí aago méjìlá fi lù, pẹ̀lú pẹ́ńsù mi. Mo rò pé ẹ ti rí i pé mi ò lè mọ̀ ọ́n láéláé, pé ojú ló ń tì yín láti sọ fún mi.”

Mo sunkún níbẹ̀, n kò lè purọ́.

Wọ́n gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ mi, èmi àti Odessa kò sì jó. Ẹgbẹ́ wa ló gbẹ́yìn nínú ìdíje náà. Odessa kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo lọ sí ilé ìkàwé láti lọ kọ́ Màmá Tolliver fúnra mi. Odessa ti débẹ̀ ṣáájú mi. Kò kí mi, ó kàn fi ẹsẹ̀ ti àga kan sí mi.

“Màmá,” ló ń sọ, “tí ẹ bá gé páànù búrẹ́dì àgbàdo kan sí méjìlá, tí ọmọ mẹ́ta mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ló lọ?”

“Ìdámẹ́rin páànù.”

“Ìdá tí ẹ ní ẹ ò mọ̀ nìyẹn o.”

Màmá Tolliver bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ẹ̀yin ọmọ yìí. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe é, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ìṣirò ni.”

Nínú oṣù kẹfà ó padà lọ ṣe ìdánwò náà, ó sì yege. Odessa gbé e lọ́wọ́ yípo láàárín ilé oúnjẹ, màmá sì ń pariwo pé kó sọ òun kalẹ̀.

Olùkọ́ ni mí lónìí, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì máa ń bi mí pé ṣé kò yẹ kéèyàn bo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láṣìírí ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé Odessa nìkan ni mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kàn nígbà tí mò ń fọwọ́ sí ìwé yẹn. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó purọ́ nítorí ọ̀rẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ẹni tí irọ́ náà máa fi sílẹ̀ ní òun nìkan, tó ń dúró de ẹni tí kò ní wá.