Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ "Ẹ̀yin"

Mo ti bú eré Kàsúmù kí n tó mọ ojú rẹ̀.

Inú bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ wa ni mo wà, à ń ti Sángo lọ sí Agbára, níbi tí mo ti ń yẹ ìdérí ike wò kí wọ́n tó kó o jáde. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá àbùkù. Bóyá ìyẹn náà ló mú kí n máa sọ̀rọ̀ nípa fíìmù lórí fóònù, tí mo sì ń gbé e sórí ìkànnì káwọn èèyàn lè gbọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, apá kejì eré tuntun kan ni mò ń wò, Ìràwọ̀ Kejìlá. Àwọn ọmọ Yorùbá kan ló ń gbé inú ọkọ̀ òfurufú, ẹ̀rọ kan tó ń sọ̀rọ̀, tó ń jẹ́ Àgbọ́yé, sì ń ṣe ìránṣẹ́ wọn.

Mo fara da gbogbo ẹ̀. Mo rí i pé ìdérí ìkòkò ni fèrèsé ọkọ̀, mo dákẹ́. Mo rí i pé gílóòbù ni òṣùpá, mo gbójú fò ó. Àfìgbà tí ìyá arúgbó kan fi ẹkún kanlẹ̀kùn, tí Àgbọ́yé ṣí i, tó ní, "Ìwọ, wọlé."

Ara mi gbóná. Mo sọ̀rọ̀ sórí fóònù: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe eré yìí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹkún ìyá yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ọmọ Yorùbá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó ń pe àgbàlagbà ní ìwọ? Ẹ gbé e dé ìràwọ̀ láìkọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Kó tó di ọ̀sán, ẹnìkan ti fèsì. "Ẹ kú iṣẹ́ ma. Èmi ni mo kọ eré náà, Kàsúmù lorúkọ mi. Báwo ni ẹ̀rọ ṣe fẹ́ mọ ẹni tó dàgbà?"

Mo dá a lóhùn pé, "Kó máa sọ 'ẹ' fún gbogbo èèyàn, títí wọ́n á fi ní kó máa sọ 'o'."

Ó ní kí n wá kọ́ ọ fúnra mi. Mo lọ, ìjà sì ni mo bá lọ. Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní Àtàn ni wọ́n ti ń ya eré náà. Ọkùnrin gíga kan jáde, Kàsúmù fúnra rẹ̀ ni, orí Àgbọ́yé wà lábíyá rẹ̀, ọ̀dà fàdákà wà nímú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti orí ẹ̀rọ.

"Ẹ káàbọ̀ ma. Òun rèé, ẹ bá mi nà án."

Mo rẹ́rìn-ín, ìjà sì tán.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń bọ̀ láti Agbára, Àtàn ni mo ń bọ́ọ́lẹ̀ sí. A jọ ń tún ọ̀rọ̀ ẹnu Àgbọ́yé kọ. Kàsúmù ń sọ "ẹ" fún mi, èmi ń sọ "o" fún un, torí mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sọ́nà fún ohùn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a dúró ní Ìyànà Ìyẹsí, à ń jẹ àgbàdo sísè.

"Ẹ̀gbọ́n Fàsílátù," ló wí, "mo nífẹ̀ẹ́ yín."

Díẹ̀ ló kù kí n gbé àgbàdo mì tòun ti kùùkù. "Ta ní ń fi 'yín' dẹnu ìfẹ́ kọ obìnrin?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa sọ 'ẹ' títí wọ́n á fi ní kí n máa sọ 'o'. Ẹ ò tíì ní."

Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá mi. "Ó di ọjọ́ tí wọ́n bá gbà nílé wa," ni mo fi dá a lóhùn.

Ìyá mi, Àlájà Àdìzát, ọmọ Ọ̀tà pọ́ńbélé, fárígá nígbà tí mo sọ ọ́. "Ẹni tó ń sọ 'ẹ' fún ọ, ọkọ nìyẹn àbí àbúrò? Wọ́n á ní o ò rí ọkọ fẹ́, lo bá lọ ń tọ́ ọmọ."

Mo sunkún. Mo sọ fún wọn pé bí kì í bá ṣe Kàsúmù, kò sí ẹlòmíì, àmọ́ mi ò ní fẹ́ ẹ bí wọn ò bá gbà.

Lọ́jọ́ Àìkú, Kàsúmù gbéra, ó wá bá wọn fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi ò ní kó dìde.

"Lẹ́yìn yìgì, kí lo fẹ́ máa pè é?" ni wọ́n bi í. "Bó o bá ń sọ 'ẹ', wọ́n á fi yín rẹ́rìn-ín. Bó o bá ń sọ 'o', o ti rí ọmọ mi fín."

Orí ìdọ̀bálẹ̀ náà ló ti na fóònù sí wọn. Apá kejì tí wọ́n tún yà ni. Ìyá arúgbó kanlẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí. "Ẹ wọlé, ìyá," ni Àgbọ́yé wí. "Mi ò mọ ọjọ́ orí yín. Ọ̀wọ̀ ni mo mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n Fàsílátù ló kọ́ ọ, Àlájà," ni Kàsúmù wí. "Wọ́n kọ́ èmi náà. 'Ẹ' tí mò ń sọ fún wọn, mi ò ka ọdún mọ́ ọn. Bí a bá hewú tán, 'ẹ' náà ni."

Ìyá mi dá fóònù náà padà fún un. Èmi ni wọ́n wá kọjú sí.

"Látọjọ́ tí mo ti wọlé bàbá rẹ ni mo ti ń sọ 'ẹ' fún wọn, títí wọ́n fi kú. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ ọ́ fún mi padà rí." Wọ́n nu ojú wọn. "Kàsúmù, dìde, ọmọ mi. Kí àwọn ẹbí máa wí tiwọn."

Àwọn ẹbí wí tiwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló wá síbi yìgì. Ẹnu ọ̀nà ni Àgbọ́yé dúró sí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ya eré ló wà nínú rẹ̀, ó ń sọ "Ẹ wọlé" fún àgbà, ó ń sọ ọ́ fún ọmọdé. Ni àwọn ọmọdé bá ń jáde, wọ́n tún ń wọlé, kí wọ́n lè tún gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti búra pé òun ò ní wá, ojú mi ló ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wọlé.

Nígbà tí ó ku àwa méjì, mo ní, "Kàsúmù, wọ́n ti gbà nílé wa. Ó yá, máa sọ 'o'."

Ó gbìyànjú. "Mo nífẹ̀ẹ́... rẹ." Ó yínmú bí ẹni tó jẹ ewúro. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n padà síbi tí mo wà."

Mo rántí ọ̀rọ̀ ìyá mi. Mo di ọwọ́ ọkùnrin tí mo ṣe ẹ̀gbọ́n fún mú, mo wò ó lójú.

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ yín," ni mo wí.