Ta Ló Kọ "Buffet" Sínú Kọ̀ǹpútà Mọ́ṣúárì?

"Kò kú. Ó dákú ni," Mùsíyé Foli wí.

"Ó kú, ọ̀gá. Mo tàn án, kò tàn."

"Dédé, iṣẹ́ òkú là ń ṣe níbí o. Tó ò bá mọ ìyàtọ̀ ẹni tó kú àti ẹni tó dákú, lọ́jọ́ kan a máa gbé alààyè sínú yìnyín."

Bí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Tsogbé ṣe bá wọn nìyẹn ní mọ́ṣúárì etí ọ̀sà, ní Lomé. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí kì í ṣe èèyàn. Kọ̀ǹpútà ńlá tó mọ orúkọ gbogbo òkú inú ilé náà ni, àti dúróà tí kálukú sùn sí. Láti àárọ̀ Mọ́ńdè yìí ni kò ti jí. Láìsí òun, ìwé ò lè jáde, tí ìwé ò bá sì jáde, òkú ò gbọdọ̀ jáde. Níta, àwọn ọmọ olóògbé Màmá Afíwá ti gbé pósí dé pẹ̀lú àwọn onífèrè. Orin kan náà làwọn yẹn ń fun láti àárọ̀, torí orin "ẹ gbé e jáde" nìkan ni ti ẹnu ọ̀nà. Ojú títì làwọn orin tó kù wà fún.

Mùsíyé Foli tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ ti dá ẹjọ́ tiẹ̀. Dédé ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà náà, Dédé ló tàn án láàárọ̀, a jẹ́ pé Dédé ló bà á jẹ́. Ó ní kí Tsogbé fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Dédé di báàgì ẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni tó ti jókòó sínú mọ́tò ọlọ́pàá.

Tsogbé mọ ojú olè, ó mọ ohùn onírọ́, àmọ́ kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Ní tésàn wọn, ìka kan ló fi ń tẹ̀wé, ìka yẹn gan-an kì í sì í yá. Ó bi Dédé pé kí lẹ̀rọ yìí sọ kó tó kú.

"Ó dákú," Foli wí.

Dédé ṣàlàyé pé tí ẹ̀rọ náà bá ń jí, fáìlì kan ló kọ́kọ́ máa ń kà. Ibẹ̀ ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sí bó ṣe máa ṣiṣẹ́, ìwọ̀n ẹrù tó máa gbé, iye èèyàn tó máa dá lóhùn. Tó bá pàdé ọ̀rọ̀ kan tí kò mọ̀ níbẹ̀, á pa dà sùn. Lójú ẹ̀rọ báyìí, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ "buffet".

Ikùn Tsogbé ló kọ́kọ́ dáhùn. "Oúnjẹ tí wọ́n ń tò sórí tábìlì níbi ìnáwó? Ní mọ́ṣúárì?"

Ó ránṣẹ́ pe ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé náà. Ìyẹn búra pé kóliko, iṣu díndín, lòun jẹ, ìta lòun sì ti jẹ ẹ́.

Dédé sún mọ́ ojú ẹ̀rọ, ó wá bo ẹnu. "Buffer ni, kì í ṣe buffet. R ló yẹ kó gbẹ̀yìn." Ó tún un ṣe, ó tàn án. Ẹ̀rọ kùn hùn-ùn, gbogbo wọn mí kanlẹ̀, ó tún dákẹ́. Ó ní òun ò mọ "caché". Ẹnì kan ti fi àmì sórí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Dédé yọ ọ́. Ẹ̀rọ ní òun ò mọ "connexions". CT ló yẹ kó wà níbi tí X wà.

"Jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́, sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," Tsogbé bẹ ẹ̀rọ. Kò ṣeé lù, kò ṣeé halẹ̀ mọ́, kò sì níyàwó téèyàn lè lọ bá. Níta, fèrè ò dákẹ́.

Ó wá bi Dédé ìgbà tó rí fáìlì yẹn gbẹ̀yìn. Ọjọ́ Fúráídè ni, kò sì sí T níbẹ̀. Ẹ̀rọ kì í kà á àfi tó bá ń jí, alẹ́ Sọ́ńdè ni iná sì lọ. Ọlọ́dẹ ní èèyàn méjì péré ló wọ yàrá náà ní Sátidé, kò sì sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ ní Sọ́ńdè. Dédé wá mú agbòjò ẹ̀. Mùsíyé Foli wá gba atẹ́gùn.

Tsogbé jókòó, ó fi Faransé kọ ẹjọ́ náà sórí bébà, ó ní kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Dédé fọwọ́ sí i láìkà á. Mùsíyé Foli gbà á, ó kà á, ó fajú ro. Ó fa bírò pupa yọ lápò, ó pa "connection" rẹ́, ó kọ "connexion" lé e lórí, kó tó fọwọ́ sí i.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà," Tsogbé wí.

Ó gba bébà náà pa dà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹni tó fẹ́ ba nǹkan jẹ́ á fọ́ ọ ni," Tsogbé wí. "Ẹni yìí ò fọ́ nǹkan kan. Ṣe ló ń tún un ṣe. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò jọ Faransé ilé ìwé ló sọ di Faransé ilé ìwé. Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ ṣi sípẹ́lì kọ, kí n wo ẹni tí ara ẹ̀ ò ní gbà á."

Foli ò tiẹ̀ sẹ́. Ó gbéra ga, ó ní òun fi Faransé kọ́ àwọn ọmọ títí irun òun fi funfun, fáìlì náà wà ní ṣíṣí lójú ẹ̀rọ, kí àlejò má bàa rí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ lòun ṣe tún un ṣe.

"Ọ̀rọ̀ mélòó lẹ tún ṣe, ọ̀gá?" Dédé bi í.

"Ta ló ń ka àṣìṣe? Mo kàn ń tún un ṣe ni."

Ni Dédé bá jókòó. Ẹ̀rọ á ní òun ò mọ ọ̀kan, Dédé á tún un ṣe, ẹ̀rọ á tún bá òmíràn. Tsogbé fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tó máa kà sí Foli lọ́rùn. Kò rí. Kò síbi tí òfin ti ní kí wọ́n mú ẹni tó tún sípẹ́lì ṣe. Ohun tó lè ṣe ò ju pé kó fa bébà yẹn ya, kó sì sọ fún Dédé pé kò lẹ́jọ́. Dédé sunkún díẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ìgbà tó yá, ẹ̀rọ jí. Ìwé Màmá Afíwá jáde, wọ́n gbé e, àwọn onífèrè sì bọ́ sórí orin mìíràn. Orí wọn yá débi pé wọ́n ṣi í fun.

Mùsíyé Foli dé fìlà ẹ̀, ó yíjú sí Dédé lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó jí àbí kò jí?"

"Ó jí, ọ̀gá."

"Òkú ń jí?"

Dédé wo Tsogbé. Tsogbé yíjú wo ẹ̀rọ.

"Ó dákú ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀," Foli wí, ó sì rìn gba ẹ̀gbẹ́ pósí kọjá, ó ń mi orí bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.