Òkúta Tí Màmá Fi Ọlọ Lọ̀

Ní ọdún tí ìlú Ìlérí pé ogójì lórí Máàsì, òkúta amẹ́míwá bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Òkúta yìí kún fún ihò tójú lásán ò lè rí. Inú ihò wọ̀nyí ni èémí tí èèyàn ti mí jáde ti ń padà di afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí. Bàbá Akínrìnádé tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ ṣe é ti kú, kò sì kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Ẹyọ kan péré tó ṣì dára kù lọ́wọ́ opó rẹ̀, Màmá Àwẹ̀ró. Ìbídùnní ọmọ wọn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, gba ààbọ̀ rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, ó gbé e síwájú Arínú, ẹ̀rọ ayẹ̀wò rẹ̀. Arínú kì í rínú èèyàn o, inú òkúta tí wọ́n bá lọ̀ nìkan ni. Ìtànṣán bíi ti àwòrán eegun ló ń ta. Bó bá kan ohun tó tò létòlétò, á fọ́n ká, á sì fi ìlà hàn bó ṣe tò. Lọ́jọ́ yẹn, ìlà kankan ò jáde. Ẹ̀rọ tó fi lọ òkúta náà ti lọ̀ ọ́ jù, gbogbo ihò rẹ̀ ti wó.

Ìbídùnní padà wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ààbọ̀ tó kù.”

“Èyí tí àmì àtàǹpàkò bàbá ẹ wà lára ẹ̀? Kó o tún lọ bà á jẹ́?”

“Àwọn ọmọ ilé ìwé ò lè sáré mọ́, mà. Èémí ò tó wọn.”

Màmá mú ààbọ̀ òkúta náà jáde.

“Gbé ọlọ mi wá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ lé ti ọkọ rẹ̀. Ó ní, “Akínrìnádé, má bínú.” Ó wá rọra ń lọ̀ ọ́, ó ń sunkún.

Ìlà jáde lára Arínú. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò retí.

“Màmá, ìkarahun ìgbín ló wà nínú amọ̀ yìí.”

Màmá jókòó. “Oyún ẹ ni. Wọ́n ní aboyún kì í jẹ ìgbín, kọ́mọ má baà máa da itọ́. Mo ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀, bàbá ẹ ń bá mi kó ìkarahun rẹ̀ pa mọ́. Mi ò mọ ibi tó ń kó o sí.”

“Ìdí tí Bàbá ò fi kọ ìlànà wọn sílẹ̀ nìyẹn.”

“Kí ìyá ọkọ mi má baà bú mi ni.”

Lóṣù yẹn, òkúta tuntun tó ní ìkarahun ìgbín nínú wọ gbogbo ilé, àwọn ọmọ sì tún ń sáré. Màmá Àwẹ̀ró ò fọ ọlọ náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò lọ ata lórí rẹ̀ mọ́.