Ohùn Kan, Lẹ́tà Kan

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Sẹ̀kínátù, ó ti rẹ̀ mí débi pé mo fara ti pátákó ìkọ̀wé, ẹfun sì kun gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀wù mi. Ọdún 1934 ni. Láàárọ̀, ọgọ́ta ọmọ ni mo ń fi Faransé kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Nírọ̀lẹ́, mo ń kọ́ àwọn oníṣòwò ní ìwé kíkà nínú àgbàlá kan ní àdúgbò Hanoukopé.

"Ó ti rẹ̀ yín, Tíṣà," ni Sẹ̀kínátù wí láàárín wọn. "Ẹ jókòó. Ẹ lè kọ́ wa ní ìjókòó."

Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Atakpamé, ìlú mi, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo jókòó. Orí àga yẹn ni ìfẹ́ rẹ̀ ti bá mi, n kò ní purọ́.

Bí mo ṣe ń kọ́ wọn kò le. Ẹ pe ọ̀rọ̀, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ pàtẹ́wọ́ fún gígé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá kọ ohun tí ẹ gbọ́. "Ohùn kan, lẹ́tà kan," ni mo máa ń wí. "Ẹni tó bá kọ lẹ́tà kan náà tẹ̀léra lẹ́ẹ̀mejì ń fi ẹfun ṣòfò." Ó rọrùn láti rántí, ó sì ń dín iṣẹ́ àtúnṣe mi kù.

Sẹ̀kínátù ń ta aṣọ lọ́jà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ìran Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Mùsùlùmí. Èmi, Michel, ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé ni mí, onígbàgbọ́. Yorùbá tèmi a máa pa á lẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu."

"Kò burú, Sẹ̀kí mi. Gé 'àgbàdo' fún mi."

"À. Gbà. Do." Ó pàtẹ́wọ́ mẹ́ta. "Ohùn kan ni 'gb', lẹ́tà méjì ńkọ́?"

"Ìyẹn nìkan la yọ sílẹ̀."

"Ẹ̀yin àti òfin yín."

Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, a ti fẹ́ràn ara wa dé ojú ikú. Àmọ́ Àdìgún, oníṣòwò awọ, ti ń tọrọ rẹ̀ fún ọmọkùnrin rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kó wá sí kíláàsì mọ́. Sẹ̀kínátù ránṣẹ́ pé òun yóò bẹ Àlíù, bàbá òun, kó rí mi kó tó dá Àdìgún lóhùn.

Ní Ọjọ́rú, Véronique, tí wọ́n jọ ń kàwé, mú ìwé kékeré kan wá. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Sẹ̀kínátù kọ láyé rẹ̀ ni: "E ma bo ni Jimo. Baba wa nile."

Ẹ má bọ̀ ní Jímọ̀. Bàbá wà nílé. Bí mo ṣe kà á nìyẹn. Ọkàn mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n n kò bá a jiyàn. Ẹni tó ti rẹ̀, kíá ni í gba "rárá". Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo sùn lọ́sàn-án.

Ní ọjọ́ Ajé, Sẹ̀kínátù yọ́ wá bá mi. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Bàbá kó àwọn àgbà jọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọ́n dúró dè yín títí di ìrun Àsárì. Kí ló dé tí ẹ ò wá?"

Mo fa ìwé náà yọ. "Ìwọ lo ní kí n má bọ̀."

"Mo ní kí ẹ máa bọ̀." Ó tún un pè, ó fa ohùn rẹ̀ dáadáa. "Máa." Ó na ìka méjì sókè. "Méjì ni mo gbọ́, Tíṣà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n kọ ẹyọ kan."

Mo sáré lọ bá bàbá rẹ̀ ní àdúgbò Nyékonakpoè. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Ó gba ìwé náà, ó wò ó, ó sì fi ìka fa ìlà kan sórí yanrìn.

"Nínú kéwú, bí ohùn bá fà, a máa ń kọ irú ìlà yìí, álífù, tì í. Ṣé ẹ̀yin ò ní irú rẹ̀ ni?"

"A ní in, Bàbá. Èmi ni mo ní kí wọ́n má lò ó."

Ó dá ìwé náà padà fún mi. Kò bínú mọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

"O ò rí wa fín nígbà náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni à bá jọ sọ lọ́jọ́ náà, bóyá à bá sì gbọ́ra wa yé. Ṣùgbọ́n mo ti dá Àdìgún lóhùn lójú àwọn àgbà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́."

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan, Sẹ̀kínátù wá dá síléètì rẹ̀ padà.

"Ká ní ẹ kà á bí mo ṣe sọ ọ́, ṣé ẹ̀ bá wá?"

"N bá ti dé kí wọ́n tó kírun tán."

Ó mi orí. "Ó dára. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn, olólùfẹ́ mi."

Ìyá rẹ̀ ń pè é lẹ́nu géètì, ó sì lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé. Wọ́n fi Faransé kí mi kú ìrọ̀lẹ́, wọ́n jókòó, wọ́n sì ń dúró dè mí. Mo sunkún lójú gbogbo wọn.