Ìtọ̀ Díákónì Kò Lè Gbà Ọ́ Là

"Èmi Àdìgún, mo ti sùn láti Ńjolé títí dé èbúté Owendo, tírélà ló ń wa ara rẹ̀! Nígbà tó dé ibi tí afárá ti já, ó fò ó bí ewúrẹ́, kò sì jí mi. Erin kan tó dúró létí títì gbé ọwọ́jà rẹ̀ sókè, ó ní, 'Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá dẹ́rẹ́bà.' Kí n tó lajú, àwọn igi tí mo gbé ti sọ ara wọn kalẹ̀, wọ́n ti tò síbi tó yẹ kí wọ́n tò sí!"

Báyìí ni Àdìgún ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ní ilé ọtí kan ní Akébé, àdúgbò kan ní Libreville, olú ìlú Gàbọ́n, ní ọdún tí wọ́n gé iye owó séfà ilẹ̀ náà sí méjì, tí ìrẹsì di ohun tí à ń fi ojú kí. Àwọn èrò á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì, wọn á sì ra ọtí fún un. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, títí kan ajá onílé ọtí.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, má tíì bá wọn rẹ́rìn-ín. Sún mọ́ ọkùnrin náà ná, kí o gbóòórùn rẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ ń rùn ju ẹja tó kú láyé ìkún omi Nóà. Níbi ìjókòó tírélà rẹ̀, èébì àná ti gbẹ mọ́ èébì ìjẹta, bàtà rẹ̀ á sì máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tó tẹ àtè. Ẹṣinṣin tó bá wọ ibẹ̀ á yó kẹ́ri, á máa forí gbá gíláàsì. Inú igbó ló ti ń gbé igi, igbó náà ló sì ń fà bọ̀ wálé. Bí èéfín tó ti imú rẹ̀ jáde bá jẹ́ òjò ni, gbogbo Libreville ì bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ̀rín ṣì ń pa ọ́? Gbọ́ èyí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní apá Kango, ọtí gbé e lọ lórí ìjókòó. Gẹdú kan tó sanra ju yàrá tí ò ń sùn lọ já lẹ́yìn tírélà, ó yí gba inú àtíbàbà obìnrin kan tó ń ta gbágùúdá sísè. Marie-Thérèse ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ bu omi ni. Àga tó fi ìdí kúrò lórí rẹ̀ di pẹlẹbẹ bí bébà.

Ariwo náà jí Àdìgún, ṣùgbọ́n kò dúró. Nígbà tó dé Akébé, ó fi ṣe àwàdà. Ó ń ṣe bí obìnrin náà ṣe figbe ta, wọ́n sì ra ìgò kan sí i fún un. Ó rí mi lára. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ń jó lórí sàréè ẹlòmíràn ni.

Nítorí irú nǹkan báwọ̀nyí ni ilé-iṣẹ́ tó ni tírélà fi pàṣẹ pé gbogbo awakọ̀ gbọ́dọ̀ wá tọ̀ sínú kọ́ọ̀pù lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹni tí wọ́n bá rí ọtí tàbí igbó nínú ìtọ̀ rẹ̀, kó kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kó máa lọ. Lọ́dún yẹn, kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ èèyàn ní Libreville dà bí kí eyín bọ́ lẹ́nu arúgbó. Òmíràn kì í hù.

Ni Àdìgún bá gba àdúgbò Oloumi lọ, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ọládipọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn méjèèjì, ọkọ̀ ojú omi kan náà ló sì gbé wọn dé Gàbọ́n. Mẹkáníìkì ni Ọládipọ̀, díákónì sì ni nínú ìjọ wa ní Atong Abè. Oògùn ikọ́ tó bá ti ń rùn bí ọtí, kì í mu ún. Á kúkú máa wúkọ́ lọ.

"Dípọ̀, ọ̀rẹ́ mi, bùn mí ní nǹkan kan."

"Kí ni nǹkan náà?"

"Ìtọ̀."

Ọládipọ̀ yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀. "O ní kí ni?"

"Ìtọ̀ rẹ. Díẹ̀ báyìí. Tèmi á pariwo lé mi lórí lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n tìrẹ! Ìtọ̀ díákónì! Bí wọ́n bá dì í sí ìgò, àwọn áńgẹ́lì á tò sórí ìlà rà á."

Ọládipọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ike omi ńlá kan, ó dà á sọ́fun láìmí. Lẹ́yìn náà ló tó dáhùn.

"Àdìgún, bí ebi bá ń pa ọ́, oúnjẹ mi rèé. Bí o ò láṣọ, bọ́ tèmi wọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àyẹ̀wò, olúkúlùkù ni yóò tọ tirẹ̀. Jésù ń kanlẹ̀kùn rẹ láti ọjọ́ yìí, ò ń ní kó dúró kí o mu ìgò kan tán."

"Ìwàásù tún dé! Wo bí o ṣe gbẹ bí pańla. Ìwàásù ti jẹ ọ́ tán, ó ku egungun."

"Ta ni kò gbẹ ní Libreville lọ́dún yìí? Owó tí wọ́n gé ló gé gbogbo wa." Ọládipọ̀ dìde, ó tún sáré lọ tọ̀. Ìgbà kẹta nìyẹn láàárín wákàtí kan.

Ilé ìyàgbẹ́ jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìtọ̀ sì ti ń gbọ̀n ọ́n jù láti bí oṣù kan. Kẹ́ẹ̀gì kan ló gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó ti bàjẹ́, inú rẹ̀ ló ń tọ̀ sí. Àdìgún dúró títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi padà sábẹ́ ọkọ̀, ó wá yọ́ lọ sídìí kẹ́ẹ̀gì náà. Èèrà ti bo ẹnu rẹ̀, wọ́n tò bí èrò tó ń dúró de takisí.

"Ẹ ò rí nǹkan?" Àdìgún ń bá èèrà sọ̀rọ̀. "Ìtọ̀ onígbàgbọ́ dùn! Ìwà mímọ́ lẹ ń lá yẹn."

Ó gbọn èèrà dànù, ó rọ ìtọ̀ sínú ìgò kékeré kan, ó fi bébà dí i lẹ́nu. Ọwọ́ tó fi rọ ọ́ náà ló fi jẹ búrẹ́dì lójú ọ̀nà. Kò fọ̀ ọ́.

Ìyá mi tí kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì kan ì bá ti mọ ohun tí èèrà ń wá nídìí ìtọ̀. Ẹni tí erin ń kí lójú títì kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀ pé. Àdìgún fi rọ́bà túùbù so ìgò náà mọ́ itan nínú ṣòkòtò, kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ ọ́. Àwọn awakọ̀ jókòó sábẹ́ máńgòrò nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ náà, lọ́nà Owendo. Bébà ẹnu ìgò ti rin, ìtọ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́.

"Ìtọ̀ mi lónìí á mọ́ débi pé pásítọ̀ lè fi ṣe ìrìbọmi!"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ òdì! Ènìyàn tó so ìtọ̀ tó jí mọ́ itan ló ń dárúkọ ìrìbọmi.

Wọ́n pè é wọlé. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, Olúwaṣìkẹ́mi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Libreville ni. Faransé ló fi ń lá àlá, Yorùbá ló fi ń kí àgbà, ṣùgbọ́n "Tonton" ló ń pe àgbà ọkùnrin, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe àbúrò bàbá. Àdìgún lọ sẹ́yìn kọ́tìnì, ó da ìtọ̀ inú ìgò sínú kọ́ọ̀pù, ó tún ìgò so mọ́ itan, ó sì jáde bí ọkọ ìyàwó.

Olúwaṣìkẹ́mi ki ìwé tín-ín-rín kan bọ inú ìtọ̀. "Bon, ó dáa. Ọtí kò sí níbẹ̀, Tonton. Igbó kò sí."

"Báwo ni yóò ṣe wà níbẹ̀? Ọmọ mi, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, omi òjò nìkan ni mò ń mu!"

Nọ́ọ̀sì ki ìwé mìíràn bọ̀ ọ́. Ìwé náà ṣú bí ojú ọ̀run tí òjò fẹ́ rọ̀. Ọmọbìnrin náà wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Attendez, ẹ dúró ná. Tonton, ẹ jókòó. Ṣúgà ló kún inú ìtọ̀ yín báyìí! Àtọ̀gbẹ ni, ó sì ti wọra gan-an. Ẹ kì í mu omi púpọ̀? Ẹ ò rù?"

Àdìgún wo ikùn ara rẹ̀ tó fẹ́ máa kan orúnkún. Ó yanu láti parọ́. Irọ́ náà kò tíì jáde tí tanpẹ́pẹ́ fi ta á.

Wọ́n ti ń tọ ipasẹ̀ ìtọ̀ bọ̀ láti ìdí máńgòrò, wọ́n gba inú bàtà, wọ́n gba orúnkún, wọ́n dé ìdí ìgò. Mílíọ̀nù méjì ni wọ́n, ó kéré tán. Àdìgún fò. Ó fi ẹsẹ̀ kan jó, ó fi èkejì bẹ̀bẹ̀. Rọ́bà já, ìgò bọ́ sílẹ̀, ó sì yí lọ dúró lẹ́bàá bàtà nọ́ọ̀sì, tòun ti èèrà lẹ́nu.

"Tonton, kí lèyí?"

"Oògùn... oògùn ẹ̀yìn ríro ni."

"Òun ló ń rùn bí ìtọ̀?" Olúwaṣìkẹ́mi lóṣòó ti ìgò náà, ó ń wo èèrà. Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ìtọ̀ ta ni, Tonton? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi. Ta ló ni ín?"

Àdìgún ki eré mọ́lẹ̀. Ó di ṣòkòtò mú lọ́wọ́ kan, ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Gbogbo awakọ̀ hó lé e lórí: "Olè ìtọ̀! Olè ìtọ̀!" Ṣùgbọ́n ohùn ọmọbìnrin yẹn ló lé e bá:

"Tonton! Ẹni tó ni ín lè kú o! Lónìí gan-an ló lè kú!"

Ọkùnrin yìí ti sá fún ọlọ́pàá rí. Ó ti sá fún gẹdú tó já lẹ́yìn tírélà ara rẹ̀. Igbó tó lè sá sí pọ̀ ní Gàbọ́n, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Ọládipọ̀ ló ti jí i. Bó bá panu mọ́, ó bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ike omi ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde níwájú rẹ̀. Ó rí ọrùn tó gbẹ bí pańla. Ó rí èèrà lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì. Ó yí ẹsẹ̀ padà sí Oloumi. Takisí mẹ́ta dúró, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n tẹ iná. Ó fi ẹsẹ̀ sáré dé ibẹ̀.

Ẹsẹ̀ Ọládipọ̀ ló kọ́kọ́ rí, ó yọ síta lábẹ́ ọkọ̀.

"Dípọ̀! Dípọ̀, dá mi lóhùn!"

Kò dáhùn. Àdìgún fà á jáde. Ojú rẹ̀ ti yí, èémí rẹ̀ sì ń rùn bí èso tó ti rà.

Wọ́n gbé e dé ọsibítù, dókítà bèèrè ohun tó ń ṣe é. Àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá Àdìgún gbé e ní oòrùn ni, àwọn kan ní ebi ni. Gbogbo wọn wá kọjú sí Àdìgún. Kò dárúkọ erin kankan.

"Mo jí ìtọ̀ rẹ̀," ó wí. "Mo fẹ́ fi tan ilé-iṣẹ́ jẹ, nítorí ọ̀mùtí ni mí. Nọ́ọ̀sì ní ṣúgà ló kún inú rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ òtítọ́ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá nìyẹn, ó sì ń rùn. Òun náà ló gba ẹ̀mí Ọládipọ̀ là, nítorí kíá ni dókítà mọ abẹ́rẹ́ tó yẹ kó gún un.

Lọ́jọ́ kẹta, Ọládipọ̀ lajú. Ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, tó ń gbọ̀n nítorí pé kò rí ọtí mu. Àdìgún jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún un.

"Ìtọ̀ mi kò mọ́, àbí?" Ọládipọ̀ bi í.

"Kò mọ́, Dípọ̀."

"Mo ti ń bá ẹ sọ ọ́. Àìsàn wà nínú tèmi náà. Kò sí díákónì tó mọ́, kò sí bíṣọ́ọ̀bù tó mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ́ láyé yìí, o kò sì ní láti jí nǹkan Rẹ̀. Ó ti fi ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ kí o tó bèèrè."

Àdìgún dojúbolẹ̀. "Jésù," ó wí, "tèmi rèé. Ó ń rùn. Kò sí ti ẹlòmíràn lọ́wọ́ mi mọ́. Gbà mí báyìí."

Jésù sì gbà á. Ilé-iṣẹ́ kò gbà á padà. Ó ń fọ irin ní ṣọ́ọ̀bù Ọládipọ̀ báyìí, ó sì ti lọ sí Kango lọ tún àtíbàbà Marie-Thérèse kọ́ fún un, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Ìtọ̀ ta lo dì mọ́ itan? Àdúrà ìyá rẹ ni? Ààwẹ̀ tí ìyàwó rẹ ń gbà ni? Orúkọ bàbá rẹ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìjọ kí wọ́n tó bí ọ ni? Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò pè ọ́ wọlé, kọ́tìnì kò ní sí níbẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, kórìíra òórùn ara rẹ lónìí. Ọ̀la kì í ṣe tìrẹ.

Tanpẹ́pẹ́ ti wọ inú bàtà rẹ. Ó yá, ki eré mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n má gba ọ̀nà igbó lọ. Ọ̀dọ̀ Jésù ni kí o sá lọ.