Wọ́n Kọ Ọ́ Pé Ahoro Ni Abúlé Ajíbóyè

Ẹfúnróyè ń sá èlùbọ́ sórí àpáta nígbà tó rí àwọn èèkàn tí wọ́n kùn lọ́dà pupa lẹ́bàá odò. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ gan-an.

Abúlé Ajíbóyè kò jìnnà sí Ìwó, bí èèyàn bá ń lọ sí Olúpọ̀nnà. Ajíbóyè, bàbá ọkọ rẹ̀, ló tẹ̀ ẹ́ dó, inú yàrá ni wọ́n sì sin ín sí. Ọkọ Ẹfúnróyè náà wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Gàníyù dé. Ọmọ àáfà kan ní Ìwó ni, iṣẹ́ wolé-wolé ló ń ṣe. Ẹni tó bá rí fìlà rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán a yára lọ dé ìkòkò omi. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, ìjọba fẹ́ sé odò yìí kí Ìwó lè rí omi lẹ́ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá sé e, omi á bo abúlé yìí mọ́lẹ̀."

"Àwa tó wà níbí ńkọ́?"

"Nínú ìwé wọn, kò sẹ́ni níbí. Ahoro ni wọ́n kọ."

Ẹfúnróyè fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, tí akọ̀wé wá ka ilé, ogun Jámánì tí kò tíì parí dòní ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kó àwọn ọkùnrin lọ ru ẹrù ogun. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un, Ògúnkúnlé. Gbogbo abúlé sá wọgbó, òun nìkan ló dúró tó ní, "Ahoro ni o, oko ni mo wá." Ó dá ara rẹ̀ láre pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

"Màá fa gbogbo èèkàn náà tu," ni Ògúnkúnlé wí.

"Wọ́n á kó ọlọ́pàá wá rì í padà," Gàníyù dáhùn. "Ọ̀túnla ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó rí yín, ẹ fi ojú oórì hàn án. Ẹ má kàn sọ pé ẹ ò fẹ́ o. Òùngbẹ ń gbẹ Ìwó lóòótọ́. Ẹ ní kí wọ́n gbẹ́ kànga sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, kí wọ́n mọ ẹnu rẹ̀ sókè, kí wọ́n sì dé e. Ẹ ní ẹ̀yin á bá wọn gbẹ́ ẹ."

"Bí wọ́n bá wá mú ọmọ mi lọ sógun ńkọ́?"

Gàníyù ní, "Ìyá, mi ò lè búra fún yín."

Lọ́túnla, àwọn obìnrin, arúgbó àti ọmọdé tò sójú ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin yòókù ti sá wọgbó, Ẹfúnróyè sì ti ti Ògúnkúnlé mọ́nú àká. Ajẹ́lẹ̀ wo oórì, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kànga, ó sì wo gbogbo wọn yí ká.

Ògbufọ̀ rẹ̀ ní, "Ó ní ta ló máa gbẹ́ ẹ? Àwọn arúgbó wọ̀nyí? Ó ní àwọn lè kó ìwọ̀nba ẹ̀yin tí ẹ wà níbí lọ sí Olúpọ̀nnà."

Ẹ̀rù ogun ba Ẹfúnróyè, ẹ̀rù omi sì bà á. Ó rìn lọ sídìí àká, ó ṣílẹ̀kùn.

"Ọmọ mi rèé. Ògúnkúnlé ni. Ẹ kọ ọ́."

Ìyá mìíràn pe ọmọ tirẹ̀ láti inú igbó, òmíràn náà pè. Àwọn ọkùnrin ń jáde wá pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, akọ̀wé sì ń kọ.

Odindi oṣù kan ni Ẹfúnróyè kò fi sùn dáadáa. Bí ẹsẹ̀ bá ti dún lọ́nà, á rò pé sójà ni. Àwọn tó dé níkẹyìn ni àwọn tó ri èèkàn; wọ́n fà á tu, wọ́n ní ajẹ́lẹ̀ kò ní sé odò mọ́, àti pé kí Ògúnkúnlé àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa bọ̀ ní Ìwó wá gbẹ́ kànga.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ sé odò yín, ẹ má sá, ẹ má sì tu èèkàn. Ẹ tètè lọ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì mú ọ̀nà mìíràn tí omi lè gbà dé lọ́wọ́. Kànga tí ẹ bá gbẹ́, ẹ dé e. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ omi kí ẹ tó mu ún, nítorí sòbìà, aràn inú omi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ yín. Ibi tí ìwé bá pè ní ahoro, wọ́n lè da omi bò ó láì bi ẹnikẹ́ni.