Erin Ẹlẹ́ẹ̀ka Igi

Tínńtín ni wọ́n ń pè é nílé, nítorí òun ló kéré jù. Lónìí, ó tẹ̀lé Màmá Àgbà, ìyá ìyá rẹ̀, lọ síbi iṣẹ́.

Inú ọgbà igbó ni Màmá Àgbà ti ń ṣe ère. Wọn kì í gé igi tútù. Ohun tó bá já bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń lò.

Wọ́n yà síbì kan. Tínńtín dúró gbagidi.

Erin! Erin ràgàjì!

Ẹ̀ka igi ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ka igi ni ikùn rẹ̀. Èèpo igi ni etí rẹ̀. Èyí kọjá mo rí nǹkan fìrí.

Tínńtín wòkè, wòkè, títí ọrùn fi ń dùn ún.

"Màmá Àgbà, ẹ̀yin lẹ ṣe gbogbo ẹ̀?"

"Èmi ni. Oṣù mẹ́ta gbáko."

Fì. Fì. Etí ọ̀tún erin ń mì.

"Yéè," ni Màmá Àgbà wí. "Okùn etí ti tú. Ó máa já bọ́ kí àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá wò ó tó dé lọ́sàn-án."

"Ẹ so ó."

"Inú la ti ń so ó, kí ojú má baà rí okùn."

Ihò kan wà lábẹ́ ikùn erin. Màmá Àgbà kó sí i. Orí wọlé. Èjìká wọlé. Ìdí kọ̀.

Tínńtín rẹ́rìn-ín, kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ni Màmá Àgbà bá fà sẹ́yìn jáde, wọ́n yíjú wo ọmọ kékeré náà. Ẹ̀rín tán.

"Inú ibẹ̀ á ṣókùnkùn. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Mi ò ní fi dandan mú ẹ."

Fì. Fì. Àánú etí náà ṣe Tínńtín.

Ó dijú pinpin. Ó rákò wọlé.

"Ṣé o ti rí okùn?" ni Màmá Àgbà bi í láti ìta. Wọ́n ti di etí erin mú.

Tínńtín la ojú kan. Ó la ìkejì.

Háà.

Kò sókùnkùn rárá. Oòrùn ń gba àárín ẹ̀ka wọlé, wọ́ńwọ́ń, wọ́ńwọ́ń. Ó wà lọ́wọ́ Tínńtín. Ó wà lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó rí okùn. Ó fà á. Ó ta kókó kan. Ó ta ìkejì. Etí erin dúró.

Afẹ́fẹ́ bá dé. Hùùù, ó wọlé. Hùùù, ó jáde. Gbogbo ẹ̀ka rọra mì pọ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi. Jáde wá."

Tínńtín jókòó sínú ibẹ̀.

"Tínńtín?"

"Màmá Àgbà, ẹ rọra sọ̀rọ̀."

"Kí ló dé?"

"Erin ń mí."

Màmá Àgbà fi etí lé ikùn erin. Hùùù. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, wọn ò gbọ́ èyí rí.

"Òótọ́ ni," ni wọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó ń mí."